Ohun tí fíìmù Labyrinth kọ́ mi nípa ọwọ́ èèyàn

Ẹni tó bá dàgbà sí Àgbádárìgì nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣì wà lóde yóò rántí pé ọ̀nà Kútọnu ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń wò ń gbà wọlé. Àwọn tó ń kó tẹlifíṣọ̀n àlòkù, fíríìjì àti aṣọ òkìríkà kọjá Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì há àárín ẹrù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn. Inú páálí ẹrù rẹ̀ kan ni Labyrinth gbà dé ilé wa, èdè Faransé sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kò tún ní àwọ̀. SECAM ni ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á. PAL ni tiwa ní Nàìjíríà. Bí a bá ki kásẹ́ẹ̀tì SECAM bọ ẹ̀rọ PAL, dúdú àti funfun ni àwòrán máa ń gbé jáde.

A kò gbọ́ ọ̀rọ̀, a kò rí àwọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwa tí a jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, àti àwọn tó rọ̀ mọ́ wíńdò láti ìta, kò sí ọmọ tí kò lè sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A mọ ẹni tó ń purọ́. A mọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó ń ṣe bí akin. A mọ ìgbà tí aràrá olójú híhunjọ yẹn fẹ́ dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a sì mọ̀ pé ó ti ń dùn ún kó tó dà á. Ara ni a ti ka gbogbo rẹ̀: èjìká tó sọ̀, ojú tó yẹ̀, ọwọ́ tó ń fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ọmọlangidi ló ń ṣe gbogbo èyí.

Mo ti di aránṣọ báyìí, Àjàrà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ti ronú lórí fíìmù yìí ju bí mo ṣe ronú lórí fíìmù mìíràn lọ, pàápàá nígbà tí mo bá rí i pé ó ṣì ń wu àwọn tó ti bímọ tó ti ń retí ọmọ-ọmọ. Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ó ń rán àwọn létí ìgbà èwe. Ìyẹn kò tó lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo wò nígbà èwe tí n kò lè jókòó tì mọ́ lónìí. Ohun kan wà nínú èyí tí kì í gbó, mo sì gbà pé ọwọ́ èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ni.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún ẹni tí kò rí i rí. Jim Henson ló darí rẹ̀, ọdún 1986 ló jáde. Ọmọbìnrin kan wà tó ń bàlágà, Sarah lorúkọ rẹ̀, Jennifer Connelly ló ṣe é. Bàbá rẹ̀ àti ìyàwó bàbá rẹ̀ jáde lálẹ́, wọ́n fi àbúrò rẹ̀, Toby, tó jẹ́ ọmọ ọwọ́, tì í. Ọmọ ń ké, kò gbẹ́bẹ̀. Inú bí Sarah, ó ní kí àwọn iwin wá gbé e lọ. Iwin wá, wọ́n gbé e lọ lóòótọ́. Ọba wọn, tí David Bowie ṣe, fún un ní wákàtí 13 péré láti la ọgbà olódi kan já, ọgbà tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìfun, kó tó lè dé ààfin tí ọmọ wà. Bí àkókò bá kọjá, ọmọ ti di iwin nìyẹn.

Ta ni nínú àwa ọmọbìnrin ilé wa tí wọn kò gbé àbúrò pọ̀n rí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta tẹ̀ń-tẹ́n lójúde? Ìyá lọ sí Agbálàtà lọ́jọ́ ọjà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ, ó ń ké, ẹ̀yìn rẹ ń dùn ọ́. Ohun tí Sarah sọ síta yẹn, a ti rò ó nínú, kò kàn sí ẹni tó jẹ́ sọ ọ́ kí àgbà gbọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí fíìmù náà mú wa lọ́kàn kíákíá: ó gbà pé ẹ̀gbọ́n lè bínú sí àbúrò rẹ̀, kò sì ka ìbínú yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Kò bú u, kò nà án. Ó kàn ní kó dìde kó lọ mú ọmọ padà wálé.

Apá kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Nígbà tí Sarah ti gbàgbé ohun tó bá jáde, ó bá obìnrin kan pàdé lórí ààtàn, obìnrin tó gbé òkè pàǹtírí sẹ́yìn. Obìnrin yìí mú un wọ yàrá kan tó jọ yàrá rẹ̀ nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun ìṣeré rẹ̀ fún un, ó ń tò wọ́n lé e lára, ó ń fi ohùn ìyá rọ̀ ọ́. Ojú ara Nàìjíríà ni mo fi ń wò ó, mo mọ̀: ẹ̀yìn tí à ń fi pọn ọmọ ni pàǹtírí gbà. Sarah gbọn wọn dànù, ó rántí àbúrò rẹ̀. Gbogbo pálọ̀ wa hó lọ́jọ́ náà, a kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Faransé tí wọ́n ń sọ.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ aṣọ eré lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé àti ìjọ ni mo wá ń wá bí wọ́n ṣe ṣe é kiri. Ọwọ́ mi ti wà nínú iṣẹ́ rírán nígbà náà, mo fẹ́ mọ ojú rírán rẹ̀. Ohun tí mo rí kọjá ohun tí mo rò.

Ẹ mú Hoggle, aràrá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Shari Weiser ló wà nínú aṣọ rẹ̀, òun ló ń rìn, òun ló ń gbé ọwọ́. Ṣùgbọ́n ojú Hoggle kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ rárá. Àwọn mẹ́rin mìíràn dúró lẹ́yìn kámẹ́rà pẹ̀lú rédíò, wọ́n ń darí àwọn mọ́tò kéékèèké tó wà nínú ojú náà: ẹni kan ètè, ẹni kan ìpéǹpéjú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Brian Henson, ọmọ Jim Henson, ló ń fọ ohùn rẹ̀, ó sì wà lára àwọn mẹ́rin náà. Èèyàn márùn-ún fún ẹ̀dá kan! Bí ẹni tó wà nínú aṣọ bá mí kanlẹ̀, ẹni tó ń darí ètè gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ohùn náà lè bá èémí mu. Ìyẹn ni a fi mọ̀ ní pálọ̀ wa pé Hoggle ń purọ́. Èèyàn márùn-ún ló fẹnu kò láti pa irọ́ kan ṣoṣo, kí ojú sì tijú rẹ̀ díẹ̀.

Ludo wá ńkọ́, ẹranko onírun ńlá oníwo yẹn? Ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 34 lẹ́yìn tí wọ́n ti dín in kù. Ó wúwo débi pé ọkùnrin méjì, Ron Mueck àti Rob Mills, ló ń gbà á wọ̀ fún ara wọn. Kò sí ojú tí wọ́n lè fi ríran láti inú rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré kan ni wọ́n fi sínú ìwo rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sì wà nínú aṣọ tó ń fi ọ̀nà han ẹni tó wọ̀ ọ́. Ron Mueck yìí ti di oníṣẹ́ ère olókìkí ní ayé lónìí. Ère èèyàn tó ń ṣe, bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó fẹ́ kí wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ti gbé Ludo wọ̀ mọ bí ara ṣe ń wúwo.

Ibi ihò tó kún fún ọwọ́ náà ńkọ́? Sarah jábọ́ sínú ihò gígùn kan, ọwọ́ ló kún ara ògiri lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń gbá a mú. Ọwọ́ èèyàn ni. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n na ọwọ́ tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ sí jáde. Àwọn ọwọ́ náà wá ń para pọ̀ di ojú: ọwọ́ méjì di ẹnu, ìka di ojú, ẹnu náà sì ń bi í bóyá òkè ló fẹ́ lọ tàbí ìsàlẹ̀. Èmi gbà pé kò sí ohun tó dára tó èyí nínú gbogbo fíìmù ọmọlangidi. Kò sí ọmọlangidi kankan níbẹ̀ mọ́, ọwọ́ lásán ló kù. Henson ṣí ìdí iṣẹ́ hàn wá, a kò sì jí lójú àlá.

Kódà àwọn bọ́ọ̀lù dígí tí ọba iwin ń yí lórí ọwọ́, tí à ń pariwo sí nígbà náà pé oògùn ni, ọwọ́ Bowie kọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Moschen ló ká jọ sẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ jáde lábẹ́ apá aṣọ Bowie. Kò rí ohun tó ń ṣe. Bó ṣe ń yí i nìyẹn láìrí i.

Ọmọ Àgbádárìgì kò yẹ kó ṣe kàyéfì jù sí nǹkan báyìí. A bí wa bá Sàngbétò tí àwọn ará wa Ègùn ń gbé jáde. Òkìtì ìko ni, ó ń fì, ó ń yí, ó ń jó, a óò máa sá fún un a óò tún máa tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti wo inú rẹ̀. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá ti wò ó ti wò ó. Lókè níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jáde, ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, àwọn kan ń gbẹ́ ère sórí igi ojú, wọ́n á so okùn mọ́ ọn kí ère náà lè máa ṣí ẹnu tàbí kó máa gún odó. Àwọn baba wa ní ojú tó bá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Àwa tí a ti rí èyí, a mọ̀ láti kékeré pé ìbéèrè ta ló wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè tó ń mú ìran dùn. Ohun tí ìran ń ṣe níwájú rẹ ló ṣe pàtàkì, àti pé ilẹ̀ tó tẹ̀ ni ìwọ náà tẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí apá kan nínú Labyrinth kò fi wọ̀ mí lára títí di òní. Àwọn ẹ̀dá pupa kan wà nínú igbó tí wọ́n ń yọ orí ara wọn, tí wọ́n ń jó. Iwájú aṣọ dúdú ni wọ́n ti ya àwọn ọmọlangidi náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwòrán wọn lé àwòrán igbó àti Sarah. Ó hàn. Wọ́n jó dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dìde lọ mu omi tó bá kan ibẹ̀, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Owìwí tó ń fò ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ló yà á, ó sì wà lára àwọn ẹranko àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà yà kó dà bí ẹranko gidi nínú fíìmù. Ohun ìyanu ni lọ́dún náà. Lónìí òun ló gbó jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, Hoggle kò sì gbó.

Mo fi ẹ̀kọ́ yìí ṣiṣẹ́. Ilé-ìwé kan ní kí n ṣe erin fún eré Ìjàpá àti Erin, ìtàn tí wọ́n ti tan erin pé wọ́n fẹ́ fi jọba. Fóòmù ni mo gé, mo fi àkísà ańkárá tí mo ti pa láró bò ó, ọmọkùnrin méjì wọ inú rẹ̀. Ó jọ erin nígbà tó dúró. Nígbà tó rìn, ó di ọmọkùnrin méjì tó wọ fóòmù, ńṣe ni ẹsẹ̀ wọn ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Mo rántí Ludo. Mo di iyanrìn sínú àpò, mo rán an mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ erin náà, kí wọ́n má lè gbé ẹsẹ̀ láìrò ó. Mo tún ṣe etí rẹ̀ kí ó lè máa fì lẹ́yìn tí ara bá ti dúró, nítorí ẹranko ńlá kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ eré, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin "Erin ká relé wá jọba", tí erin wọlé tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀, àwọn ọmọ tó jókòó síwájú sún sẹ́yìn fún un láti kọjá. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n sún. Nígbà tó já sínú kòtò, ọmọ kan bú sẹ́kún, ó ń sọ fún Ìjàpá pé ìwà tó hù kò dára.

Jim Henson fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí aránṣọ, bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Kermit, ọ̀pọ̀lọ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, ọdún 1955 ló ti rán an. Kóòtù àtijọ́ ìyá rẹ̀ ló gé, ó sì pín bọ́ọ̀lù pinpóńgì sí méjì fi ṣe ojú rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá ju àkísà nù ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìtàn kóòtù yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ohun tó dùn mí jù nípa Labyrinth ni bí wọ́n ṣe gbà á nígbà tó jáde. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná sí i, ohun tó pa ní ilé sinimá Amẹ́ríkà kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 lọ. Ó dun Henson gan-an. Kò darí fíìmù gígùn fún sinimá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1990 ló kú, ẹni ọdún 53. Kásẹ́ẹ̀tì ló gba fíìmù náà là: ọmọ wò ó nílé, ó tún un wò, ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo máa ń ronú pé nígbà tí a rọ̀ mọ́ ara wa ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí NEPA bá mú iná lọ tí a ń pariwo pé kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àwa náà wà lára ohun tó gba iṣẹ́ ọkùnrin yìí là. Ì bá wù mí kó ti mọ̀ pé a wà.

Nígbà tí mo wá rí i ní àwọ̀, tí mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ti dàgbà. Irun Ludo pupa bí ilẹ̀ Ìtòga. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi rò pé eérú ni. Kòkòrò kékeré tó kí Sarah nínú ògiri ní irun aláwọ̀ búlúù lórí. Ọ̀rọ̀ wọn dùn, mo rẹ́rìn-ín níbi tí n kò rẹ́rìn-ín sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ohun pàtàkì kan nínú ìtàn náà tí a ti ṣì gbọ́. Ní òpin, nígbà tí Sarah dojú kọ ọba iwin tó sì sọ fún un pé kò ní agbára kankan lórí òun, ohun tí mo ti mọ̀ láti ara ojú ọba náà ni mo wá gbọ́ létí.

Mo fi han àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ àdúgbò nígbà ìsinmi, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ara wọn kò kọ́kọ́ balẹ̀, ọwọ́ wọn ń lọ sí fóònù. Nígbà tó kan ihò ọlọ́wọ́, fóònù wà nílẹ̀. Oníbàárà mi kan tó wá gba aṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le.

"Àǹtí, kí ni ẹ fi ń han àwọn ọmọ yìí? Ṣé ànjọ̀nnú kọ́ nìyẹn?"

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ sí etí òkun yìí kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa jókòó díẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n pa á lẹ́yìn náà, mo máa pa á."

Ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó fẹ́ dìde. Kò dìde. Ó bá wa wò ó títí Sarah fi bẹ́ sílẹ̀ láti orí àkàsọ̀ olójú-òdì yẹn nítorí àbúrò rẹ̀.

"Ọmọ yìí gbìyànjú o," ló sọ. "Ó wá àbúrò rẹ̀ délé." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè aṣọ rẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ tí iwin gbé lọ yẹn, Toby Froud lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Brian Froud ni, ayàwòrán tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya àwọn iwin náà sórí bébà kí wọ́n tó di fóòmù. Toby dàgbà di ẹni tó ń ṣe ọmọlangidi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Henson ṣe eré ọmọlangidi mìíràn fún Netflix ní ọdún 2019, ó wà lára àwọn tó ṣàbójútó bí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kéré jù ní ṣé ó wá padà sọ́dọ̀ wọn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé òun náà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la, fóòmù wà nílẹ̀. Wọ́n ti ní kí n ṣe ọ̀nì fún eré ìparí ọdún. Òun ló ń bá mi gé ìpéǹpéjú rẹ̀ báyìí, ìyẹn ni mo ní kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀nì náà lè máa dijú díẹ̀díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.